Ibi Tí Ó Ti Ń Dákẹ́

Ọmọ-ọmọ mi kì í mí níbi tí ó yẹ kí èèyàn ti mí. Ohun tí mo kọ́kọ́ ṣàkíyèsí nìyẹn, nígbà tí gbogbo wa ṣì ń pe ohùn rẹ̀ ní ẹ̀bùn.

Ṣèyílọ́lá ni orúkọ rẹ̀. Rẹ̀míláyọ̀, ọmọ mi, ni ó bí i, ó sì fi í sílẹ̀ sọ́dọ̀ mi ní Ajah nígbà tí ó jẹ́ ọmọ ọdún méje, òun fúnra rẹ̀ bá tirẹ̀ lọ sí Lọ́ńdọ̀nù. Ọmọ náà di ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún lọ́wọ́ mi. Ó ń kọ orin kan tí wọ́n ń pè ní hẹ́fì mẹ́tà. Bí jìtá wọn bá bẹ̀rẹ̀, àfi bí ẹni ń wọ́ páànù lórí kọnkéré. Àwọn mẹ́rin ni wọ́n wà nínú bándì náà. Wọ́n gba ṣọ́ọ̀bù kan lẹ́yìn ilé wa, wọ́n fi fóòmù bẹ́ẹ̀dì àlòkù bo ògiri rẹ̀ kí ariwo má baà jáde. Ariwo ṣì ń jáde.

Àwọn obìnrin ẹgbẹ́ mi ní ṣọ́ọ̀ṣì bá mi kẹ́dùn. Wọ́n ní kí n mú un wá fún àdúrà, pé ohùn ọmọbìnrin kì í rí báyẹn. Mo dá wọn lóhùn pé wọn kò mọ ohùn. Èmi mọ̀ ọ́n. Mo jáde ìwé girama ní ọdún 1961, èmi ni mo sì ń darí orin nílé ìwé wa. Yàtọ̀ sí ìyẹn, èmi ni mo ń pa ìtàn ilé bàbá mi mọ́. Bí wọ́n bá bímọ sí ilé wa, ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n ń gbé e wá kí n lè sọ ẹni tí ó jọ. Mo mọ ẹni tó ni etí, mo mọ ẹni tó ni ìka ẹsẹ̀. N kì í ṣì í sọ.

Nítorí náà, mo gbé àga mi lọ sí ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù náà nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, mo jókòó, mo sì gbọ́ ọmọ mi dáadáa.

Ohùn náà kò ti ọ̀fun wá. Ìsàlẹ̀ ikùn ni ó ti ń bọ̀, ó há, ó wúwo, ó ń ha ilẹ̀ bí ìdí ọkọ̀ ojú omi tí wọ́n ń wọ́ lórí iyanrìn. Ṣùgbọ́n kì í ṣe híhá náà ni ó wú mi lórí. Ẹnikẹ́ni lè pariwo. Bí ó ṣe ń pín ọ̀rọ̀ ni. Yóò jẹ́ kí jìtá àti ìlù lọ ṣíwájú díẹ̀, òun yóò wá máa bọ̀ lẹ́yìn bí ẹni tí kò bẹ̀rù pé ọkọ̀ yóò fi òun sílẹ̀. Kì í mí kí ó tó bẹ̀rẹ̀. Àárín ọ̀rọ̀ ni ó ti ń mí, láàárín ìdajì ọ̀rọ̀ kan àti ìdajì kejì, ní kíákíá, bí ẹni tí apá rẹ̀ ń ṣiṣẹ́. Bí ó bá wá dé òpin, ohùn ńlá yẹn yóò tín-ín-rín, yóò tín-ín-rín títí yóò fi dà bí òwú. Yóò sì dákẹ́. Gbogbo wọn yóò dákẹ́ pẹ̀lú rẹ̀. Mo fi ìka lé iṣan ọwọ́ mi. Ó lù nígbà mẹ́rin kí orin tó tún wọlé.

Mo fi ọkàn mi fún ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn. Ẹni tí ó bá lè dákẹ́ láàárín ariwo báyẹn mọ ohun tí orin jẹ́.

"Màmá, ẹ tún ti jókòó síbí," ni Yọ̀mí wí, ọmọkùnrin tí ó ń ta jìtá fún wọn. "Ẹ ò ní jẹ́ ká ráyè ṣàṣìṣe."

"O ti ń ṣe é," mo ní. "Ọwọ́ ẹ ń sáré. Ta ló ń lé ẹ?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Ṣèyí ńkọ́?"

"Òun kì í sáré. Ẹ̀yin lẹ máa ń wá a kiri. Òun kì í wá yín."

"Ẹ̀n-ẹ́n, ìyẹn gan-an. Àti ibi tó ti ń dákẹ́ yẹn, Màmá. Torí ibẹ̀ ni wọ́n ṣe ń wá wò wá. Ta ló kọ́ ọ?"

"Ilé wa ni," mo ní, ẹnu mi sì dùn. "Ohùn ò ṣàjèjì nílé wa."

Ó tó ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn náà kí n tó mọ ẹni tí ó jọ. Mò ń gé ilá lọ́wọ́ nínú kíṣíìnì, mo sì ń gbọ́ wọn láti ọ̀ọ́kán. Jíjìnnà tí mo jìnnà kò jẹ́ kí n gbọ́ ọ̀rọ̀ orin, bí ìpè náà ṣe rí nìkan ni mo ń gbọ́: ó bọ̀ lẹ́yìn, ó mí láàárín ọ̀rọ̀, ó tín-ín-rín, ó dákẹ́. Ọ̀bẹ bọ́ lọ́wọ́ mi.

Mo ní ẹ̀gbọ́n ọkùnrin kan, Ọdúnjọ. Apẹja ni ní etíkun Eleko, bíi bàbá wa. Nígbà ọyẹ́, kùrukùru máa ń bo òkun láàárọ̀ débi pé ẹni tí ó wà lójú omi kò ní mọ apá ibi tí ilẹ̀ wà. Nítorí náà, ní ilé wa, bí ẹnì kan bá wa ọkọ̀ jáde nínú kùrukùru, ẹlòmíràn gbọ́dọ̀ dúró létí omi, kí ó ri ẹsẹ̀ méjèèjì mọ́ iyanrìn. Ẹni tí ó wà lójú omi yóò pè é: "Ta ló dúró dè mí?" Yóò sì dákẹ́. Ẹni tí ó wà nílẹ̀ yóò dáhùn: "Èmi ni. Ẹsẹ̀ mi wà nínú iyanrìn." Ibi tí ìdáhùn bá ti wá ni ọkọ̀ yóò kọjú sí. Ẹ̀jẹ̀ ló ń dá ẹ̀jẹ̀ lóhùn. A kì í fi àlejò dúró. Olúkúlùkù ní bí ó ṣe ń pè, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó ń pè bíi ti Ọdúnjọ. Iyọ̀ àti èéfín ẹja ti ha ọ̀fun rẹ̀. Àárín ọ̀rọ̀ ni ó ti ń mí, nítorí pé ó ń wa ọkọ̀ lọ́wọ́.

Ní ọdún tí katapílà kọ́kọ́ dé láti la ọ̀nà Ẹ̀pẹ́, Ọdúnjọ jáde láàárọ̀ ọjọ́ kan lọ wo àwọ̀n tí ó dẹ. Èmi ni mo dúró. Ọkọ̀ padà wá, ó dojú dé. Òun kò bá a wá. Mo sọ fún ẹbí pé mo dáhùn títí ohùn fi há mi lọ́fun, pé kùrukùru ni ó gbé ohùn mi mì. Ohùn mi sì há lóòótọ́, gbogbo wọn gbọ́ ọ. A sin aṣọ rẹ̀. Ọlálérè, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Ó fà mí láṣọ níbi tí wọ́n ti ń bo ilẹ̀.

"Àǹtí, ṣé bàbá mi pè?"

"Ó pè," mo ní. "Mo dá a lóhùn."

Ọ̀rọ̀ kan wà tí àwọn àgbà ilé wa máa ń sọ, kò sì sí ọmọ wa tí kò mọ̀ ọ́n: ìpè tí a bá ti dáhùn kì í padà wá. Èyí tí a kò dáhùn ni í wá ọ̀fun mìíràn.

Mo ṣa ọ̀bẹ mi nílẹ̀. Mo sọ fún ara mi pé ohùn lè jọ ohùn. Mo gé ilá mi tán.

Ṣùgbọ́n mo ń kà. Lọ́sẹ̀ kejì, iṣan ọwọ́ mi lù nígbà méje kí orin tó padà wọlé. Ìlù ti ṣetán, jìtá ti ṣetán, wọ́n ń wo ẹnu rẹ̀. Òun dúró, ojú rẹ̀ là, àyà rẹ̀ kò lọ sókè, kò lọ sílẹ̀. Ó dà bí àga.

Mo bá Ṣèyílọ́lá níbi tí ó ti ń jẹun.

"Kí ló dé tí o kì í mí níbẹ̀?"

"Ibo, Màmá?"

"O mọ ibẹ̀."

Ó gbé ṣíbí sílẹ̀. "Mò ń tẹ́tí ni."

"Sí kí ni?"

"Mi ò mọ̀. Ó máa ń ṣe mí bíi pé ẹnì kan fẹ́ dá mi lóhùn. Tí mo bá mí, mi ò ní gbọ́ ọ."

"Ẹnikẹ́ni ò ní dá ẹ lóhùn. Orin lásán ni. Máa mí."

"Mo ti gbìyànjú ẹ̀." Ó rẹ́rìn-ín, àmọ́ ó ń wo ojú mi bí ọmọ kékeré. "Àyà mi kì í gbà. Ó dà bíi pé kì í ṣe tèmi níbẹ̀ yẹn. Ẹ̀rù máa ń bà mí díẹ̀, Màmá. Ṣé irú ẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ rí nílé wa?"

Èmi ni ó bi. Èmi tí mo ń pa ìtàn mọ́.

"Rárá," mo ní. "Lọ fọ abọ́ ẹ."

Ní ọjọ́ Sátidé kan, wọ́n pè wọ́n láti wá kọrin ní ilé oúnjẹ kan ní Lẹ́kkí Phase 1. Mo bá wọn lọ. Ọ̀sán gangan ni, àwọn ọmọ olówó wọ aṣọ dúdú nínú ooru, wọ́n ń ju orí. Mo jókòó sẹ́yìn pẹ̀lú ìgò omi kan, kò sì sí ẹni tó yọ mí lẹ́nu. Orin kẹta ni ó ti dé ibẹ̀. Ó tín-ín-rín, ó dákẹ́. Gbogbo ilé dákẹ́. Mo rí wọn tí wọ́n di èémí wọn mú pẹ̀lú rẹ̀, ọmọbìnrin kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ń sunkún láìmọ̀. Mo kà dé mọ́kànlá. Nígbà tí ó tún la ohùn, wọ́n hó títí ìgò fi ń gbọ̀n lórí tábìlì.

Lẹ́yìn náà, Yọ̀mí gbé máíkì Ṣèyílọ́lá sí imú.

"Ta ló fi ẹja pa máíkì yìí?" Ó tẹ fóòmù orí rẹ̀. Omi jáde, ó sì kán sí i lọ́wọ́. Ó gbọn ọwọ́. "Iyanrìn tún wà nínú ẹ̀. Ṣèyí, ibo lo gbé e lọ?"

Ṣèyílọ́lá fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu àgbọ̀n rẹ̀. Ètè rẹ̀ dúdú bí ẹni tí ó lá aró.

Mo mọ̀ nígbà náà. N kò ní purọ́ nínú ìwé yìí. Mo mọ̀ pé bí wọn kò bá dáhùn, ọjọ́ kan ń bọ̀ tí èémí kò ní padà sí i lára. Mo sì mọ̀ pé ìdáhùn wà lẹ́nu mi, gbólóhùn méjì péré. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá dáhùn ìpè tó padà wá ti gbà pé wọn kò dáhùn rẹ̀ nígbà àkọ́kọ́. Ọlálérè kì í jẹ́ kí ọjọ́ Àìkú kan kọjá láìgbé búrẹ́dì wá fún mi. Gbogbo ẹni tí ó kù ní ilé wa ń kúnlẹ̀ fún mi. Mo wo ètè ọmọ yẹn, mo wo iyì tí mo ní lójú wọn náà. Mo ní kí n ṣì máa wò ó.

Èyí tí ó tẹ̀lé e ni ti Eleko. Òtẹ́ẹ̀lì kékeré kan létí òkun ni, wọ́n fi pákó kan pèpéle sórí iyanrìn, níbi tí àwọn àlejò òpin ọ̀sẹ̀ ti ń mu ọtí. Mo bẹ Ṣèyílọ́lá kí ó má lọ. Mo ní ara mi kò yá. Ó ní Ọlálérè ti ṣèlérí láti fi bọ́ọ̀sì tó fi ń kó àga gbé gbogbo wọn lọ, nítorí pé kápẹ́ńtà ni Ọlálérè, ó sì fẹ́ràn ọmọ náà bí ọmọ tirẹ̀. Ó ní Ọlálérè kò tíì gbọ́ bí òun ṣe ń kọrin rí. Mo wá sọ pé ara mi ti yá, mo bá wọn lọ.

Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni, oòrùn ń ràn, òkun ń tàn yinrin. Ọlálérè dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi pẹ̀lú ìgò mọ́ọ̀tì méjì, ó ṣí ọ̀kan fún mi.

"Àǹtí mi, ariwo yìí á fọ́ etí yín o."

"Etí mi ti gbó," mo ní.

Orin bẹ̀rẹ̀. Ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń mi orí. Nígbà tó yá, ẹ̀rín náà tán lójú rẹ̀. Ó gbé ìgò rẹ̀ sílẹ̀ lórí iyanrìn, ó rọra gbé e, bí ẹni tí kò fẹ́ kí ó dún.

"Ibo lọmọ yìí ti kọ́ ìyẹn?"

"Kí ni?"

"Bó ṣe ń mí yẹn. Láàárín ọ̀rọ̀." Ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. "Àǹtí mi, mo kéré nígbà yẹn, ṣùgbọ́n mo máa ń jókòó sínú ọkọ̀ pẹ̀lú bàbá mi."

"Ariwo àwọn ọmọdé ni, Ọlálérè. Wọ́n ń kọ́ ọ nínú fóònù."

Ṣèyílọ́lá ti yípo. Ó kọ ẹ̀yìn sí àwọn òǹwòran, ó kọjú sí òkun. Ohùn náà tín-ín-rín jáde lórí omi, ó sì dákẹ́.

Mo kà. Mẹ́rin, mọ́kànlá, ogún. Àwọn ènìyàn ti di èémí wọn mú. Nígbà tí mo kà dé ọgbọ̀n, àwọn kan tú tiwọn sílẹ̀, wọ́n ń rẹ́rìn-ín jẹ́jẹ́, wọ́n ń sọ pé ọmọ yìí le. Yọ̀mí ti gbé ọwọ́ kúrò lórí jìtá. Àárín èjìká ọmọ mi ni mò ń wò. Kò mira. Mo la ẹnu mi. Ìdáhùn wà lórí ahọ́n mi, mo tọ́ iyọ̀ rẹ̀ wò.

Mo rí i pé kì í ṣe pèpéle ni Ọlálérè ń wò mọ́. Ẹnu mi ni ó ń wò.

Mo pa á dé.

Bí ẹni tí wọ́n gé okùn rẹ̀ ni Ṣèyílọ́lá ṣe ṣubú. Nígbà tí wọ́n yí i padà, omi ń jáde ní imú rẹ̀, omi òkun, ó pọ̀, bẹ́ẹ̀ omi kò sì kàn án lẹ́sẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ náà.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni a lò ní ọsibítù. Wọ́n ní afẹ́fẹ́ kò dé ọpọlọ rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, pé kí a máa gbé e lọ sílé, kí a máa tọ́jú rẹ̀. Mo gba obìnrin kan, Fàúsátù, láti máa bá mi wẹ̀ ẹ́, kí ó máa bá mi yí i sí ẹ̀gbẹ́. Ojú ọmọ náà là, ṣùgbọ́n kò wo ẹnikẹ́ni. Rẹ̀míláyọ̀ ń sunkún lórí fóònù, ó ń bi mí pé kí ló ṣe ọmọ òun. Mo ní èmi pẹ̀lú kò mọ̀.

Àárọ̀ ọjọ́ kejì tí a dé ilé ni ó bẹ̀rẹ̀. Aago méje ni, wákàtí tí Ọdúnjọ jáde. Fàúsátù ń gbá ìta. Àyà ọmọ náà dúró. Ẹnu rẹ̀ là, ohùn ẹ̀gbọ́n mi sì jáde láti inú rẹ̀, kì í ṣe orin, kì í ṣe òyìnbó:

"Ta ló dú... ró dè mí?"

Ó dákẹ́. Ètè rẹ̀ ń dúdú lọ. Kò sí Ọlálérè níbẹ̀, kò sí ẹnikẹ́ni. Ó rọrùn nígbà náà. Mo tẹ̀ sí etí rẹ̀, mo ní: "Èmi ni. Ẹsẹ̀ mi wà nínú iyanrìn."

Èémí kò wọlé. Mo wo ẹsẹ̀ mi lórí táìsì, kò sí iyanrìn níbẹ̀. Mo sáré bọ́ sí ìta, mo fi àpò síméńtì kan kó iyanrìn tí àwọn bíríkìlà kó sí ẹnu ọ̀nà, mo dà á sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, mo dúró lé e, mo tún un sọ. Àyà rẹ̀ gòkè. Ó mí bí ẹni tí ó yọ láti ìsàlẹ̀ omi.

Mo ti ń dúpẹ́ nígbà tí ẹnu rẹ̀ tún là.

"Kùrukùru ṣí díẹ̀ nígbà tí mo wà nínú omi," ni ohùn náà wí, jẹ́jẹ́, láìbínú. "Mo rí ẹ, Fèyíkẹ́. Ò ń rẹ́rìn-ín."

Òótọ́ ni. Nítorí pé ní ọjọ́ tó ṣáájú ikú rẹ̀, mo ti sọ fún un níwájú àwọn apẹja pé kí wọ́n jẹ́ kí n máa lé orin fún wọn tí wọ́n bá ń fa àwọ̀n ńlá, pé ohùn mi ju ti gbogbo wọn lọ. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní: "Ohùn ilé ìwé. Fèyíkẹ́, ẹja ò lọ sílé ìwé." Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi di ikùn mú. Nígbà tí ó wá pè láàárọ̀, mo gbọ́ ọ kedere. Mo ní kí ó pè lẹ́ẹ̀mẹ́ta ná, kí ó lè mọ iyì ohùn tí òun fi ṣẹ̀sín. Ó pè, ó dákẹ́, ó dúró dè mí. Ó pè lẹ́ẹ̀kejì, ó dákẹ́ ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ìgbà kẹta, omi ti wà nínú ohùn náà. Mo rẹ́rìn-ín músẹ́. Mo kà dé mẹ́rin, bí ó ṣe máa ń fẹ́ ẹ, kí n tó dáhùn. Kò sí ẹni tí ó ń gbọ́ mọ́. Lẹ́yìn ìyẹn ni mo pariwo títí ohùn fi há mi, kí wọ́n lè rí nǹkan gbọ́ nígbà tí wọ́n bá dé.

Láti ọjọ́ náà, bí aago bá lu méje, mo ti wà nínú agbada ńlá kan tí mo kó iyanrìn sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Iyanrìn Eleko ni mo fi sí i. Mo fi Fàúsátù dán an wò lẹ́ẹ̀kan. Ó dúró sínú agbada, ó sọ ọ́ ní pípé, èémí kò padà. Àfi ìgbà tí mo tì í kúrò, tí mo dáhùn fúnra mi. Mo ní kí Rẹ̀míláyọ̀ sọ ọ́ lórí fóònù, n kò sì sọ ìdí rẹ̀ fún un. Ó sọ ọ́, ìpè náà kò gbà á. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò sí nínú iyanrìn wa. Oṣù mẹ́jọ ni mo fi ṣe é. Mo gbà pé bẹ́ẹ̀ ni màá ṣe títí dé ikú, n kò sì ronú nípa ọjọ́ kejì ikú.

Lẹ́yìn náà ni nǹkan kan wú sí mi lọ́fun. Dókítà wò ó, ó ní ohùn náà ń lọ, pé kò ní padà wá. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mo dáhùn kí ohùn tó jáde. Ní ọjọ́ kejì, ẹ̀ẹ̀mẹ́fà.

Ẹni kan ṣoṣo ni ó kù nítòsí tí ó ní ẹ̀jẹ̀ wa, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ sì lè dé inú agbada náà láràárọ̀.

Nígbà tí Ọlálérè gbé búrẹ́dì wá lọ́jọ́ Àìkú, n kò lè sọ̀rọ̀ mọ́. Mo ti kọ ọ́ sínú ìwé àjákọ kan, gbogbo rẹ̀, ẹ̀rín náà pẹ̀lú. Mo rò pé mo lè yọ ẹ̀rín kúrò níbẹ̀. Ṣùgbọ́n mo bẹ̀rù pé ọmọ náà yóò la ẹnu sọ ọ́ fún un. Ó jókòó sórí àga tí òun fúnra rẹ̀ kàn fún mi, ó kà á díẹ̀díẹ̀. Ó kà á tán, ó tún padà sí ojú ìwé kan, ó kà á lẹ́ẹ̀kejì. Ó pa ìwé dé. Ó gé búrẹ́dì fún mi bí ó ti máa ń ṣe.

"Aago mélòó lẹ ní?" ó bi mí.

Mo na ìka méje.

Ó sùn sí pálọ̀. Láàárọ̀, ó bọ́ bàtà rẹ̀, ó ká ṣòkòtò sókè, ó wọ inú agbada, ó ri ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì mọ́ ọn bí wọ́n ṣe kọ́ ọ nígbà tí ó wà lọ́mọdé. Àyà ọmọ náà dúró. Ìpè náà jáde. Nígbà tí Ọlálérè gbọ́ ohùn bàbá rẹ̀, omijé dà lójú rẹ̀ wọ inú irùngbọ̀n. Ó gbọ́ ọ dé òpin, ibi tí ó ti tín-ín-rín, ibi tí ó ti dákẹ́.

Kò dáhùn.

Mo fà á lápá. Ó rọra yọ ọwọ́ mi kúrò. Kò wo ọmọ náà. Èmi ni ó ń wò. Mo ka ogún. Ètè ọmọ mi ti di aró. Mo kúnlẹ̀, èmi Fèyíkẹ́, mo fi orí balẹ̀ lórí táìsì. Mo la ẹnu, afẹ́fẹ́ nìkan ló jáde. Ìka ọwọ́ ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí gbọ̀n lórí aṣọ bẹ́ẹ̀dì. Mo ka àádọ́ta.

"Èmi ni," ni Ọlálérè wí níkẹyìn. "Ẹsẹ̀ mi wà nínú iyanrìn."

Ó mí. Ọmọ náà wú ikọ́, ó mí. Ọlálérè jáde nínú agbada, ó gbọn iyanrìn ẹsẹ̀ rẹ̀ dànù, ìka kan lẹ́yìn òmíràn, ó wọ bàtà.

"Mo fẹ́ mọ bó ṣe gùn tó ni," ó ní. "Ẹ má bínú, Àǹtí mi. Láti ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mo ti fẹ́ mọ̀ ọ́n." Ó dọ̀bálẹ̀ fún mi bí ó ti máa ń ṣe. "Màá máa bọ̀ lójoojúmọ́. Ọmọ ò ṣẹ̀ mí. Ṣùgbọ́n èmi ni màá máa mọ bó ṣe máa pẹ́ tó."

Ó sì ń bọ̀. Kò tíì pa ọjọ́ kan jẹ. Ọjọ́ mìíràn, ó máa ń dáhùn kíá, yóò sì bi mí bóyá mo ti jẹun. Ọjọ́ mìíràn, yóò wo fèrèsé ná, yóò wo àwọn ọkọ̀ tó ń sáré lórí ẹ́kísípírẹ́ẹ̀sì. N kì í mọ irú ọjọ́ tí yóò jẹ́ títí ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò fi wọ inú iyanrìn. Ètè ọmọ náà kì í pọ́n padà mọ́ kí ilẹ̀ tó ṣú.

Ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ ni mo ti ń kọ èyí. Aago méje ku ìṣẹ́jú kan. Mo gbọ́ kẹ̀kẹ́ Márúwá tó dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo sì gbọ́ Ọlálérè tó sọ̀ kalẹ̀. Kò tíì wọlé. Ó ń bá awakọ̀ ṣe àwàdà, awakọ̀ ń rẹ́rìn-ín, òun náà ń rẹ́rìn-ín.

Àyà ọmọ mi ti dúró. Ẹnu rẹ̀ ti là.